Kánsẹ́lọ̀ béèrè, alága dáhùn: ìwé wo ló jáde?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adìrẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níbí l'Óṣogbo. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó ọmọ mi rọbí lóru. A gbé e dé ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọlọ́dẹ kan ṣoṣo la bá níbẹ̀, òun ló ní ká máa gbé e lọ sí Asúbíaró. Ọlọ́run yọ wá, ó bí wẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ká wá sí kánsù, pé àwọn kánsẹ́lọ̀ fẹ́ bi àwọn ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àti ìrànwọ́ fún ọlọ́jà. Wọ́n bi wọ́n lóòótọ́, àwọn ọ̀gá náà sì dáhùn. "A ti gbọ́." "A ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí." "Ẹ ní sùúrù." Wọ́n tún pín fọ́ọ̀mù fún wa. Ìgbà kẹta tí màá gba fọ́ọ̀mù láàárín ọdún méjì nìyẹn, kọ́bọ̀ kò tẹ̀lé e rí. Ṣé ìbéèrè àwọn kánsẹ́lọ̀ yìí ní agbára kankan, àbí wọ́n kàn fẹ́ ká wá wo ìran ni? Kí sì ni ẹni bíi tèmi lè ṣe sí i?

Ìyá Aláró, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláró, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ bá mi kí ìyálọ́mọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé fún ilé àwọn kánsẹ́lọ̀, ní kánsù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe ń kó àga kiri lóde ìnáwó ni wọ́n ṣe ń gbé òṣìṣẹ́ kánsù kiri. Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí ilé, tí mò ń kọ ohun tí oníkálukú sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: púpọ̀ nínú ìbéèrè tí mo fọwọ́ ara mi kọ sílẹ̀, aago mẹ́wàá ni wọ́n bí i, aago méjìlá ló kú, ìrẹsì ni wọ́n sì fi sin ín. Ṣùgbọ́n mo rí díẹ̀ tó yè. Gbogbo èyí tó yè, nǹkan méjì ni wọ́n jọ ní: ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n bi, ìwé ni wọ́n sì ní kó gbé wá, wọn ò ní kó wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín.

Kánsù kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n pe olórí ètò ìlera wá síwájú ilé. Kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òwe ń já lu òwe, ẹnìkan tilẹ̀ nu ojú. Ọ̀gá náà ń mi orí, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Mo yọjú wò ó: òdòdó ló ń yà. Ó wá kan kánsẹ́lọ̀ keje. Télọ̀ ni ọkùnrin náà kó tó dé kánsù, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní ìbéèrè, pé páálí kan ni kí wọ́n bá òun gbé wá láti ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù òun, èyí tí wọ́n ń kọ bí fírìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe tutù sí sí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, òun ló sọ fún un pé irú páálí bẹ́ẹ̀ wà.

Fírìjì àjẹsára kì í ṣe fírìjì omi tútù. Tẹ̀mómítà wà nínú rẹ̀, ohun tó bá sì kà gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára á tán lára abẹ́rẹ́. Bó bá sì di yìnyín, àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí ìyẹn náà ń bà jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò ó, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì kọ ọ́ sórí páálí tí wọ́n fi há ara fírìjì, títí kan ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún.

Wọ́n gbé páálí dé. Télọ̀ gbé e sún mọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já. Láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé ọgbọ̀n ọjọ́, 4 ni wọ́n kọ láàárọ̀, 4 ni wọ́n kọ nírọ̀lẹ́. Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná ti lọ ní gbogbo ìlú nínú oṣù yẹn, a sì mọ̀. Ó wò yíká, ó ní: "Ta ló wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kejì?" Ilé dákẹ́. Ọ̀gá náà pa ìwé pélébé rẹ̀ dé.

Nítorí páálí yẹn ni wọ́n fi ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ń to iṣẹ́ sí wá. Ìwé iṣẹ́ ló fi hàn pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń dá ibẹ̀ ṣe, kò sì sí bó ṣe lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ méje. Kó tó di oṣù kejì, wọ́n gbé òṣìṣẹ́ kan kún un láti ibòmíràn. Ọ̀kan péré o, kì í ṣe pé wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn tuntun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo ọjọ́ yẹn, ọ̀kan yẹn nìkan ni mo rí tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ tiyín.

Ẹ ní wọ́n darí yín sí Asúbíaró. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ni Asúbíaró, kánsù kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Sèké, èyí tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní LAUTECH. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni ín tẹ́lẹ̀, àjọni wọn sì fa wàhálà owó oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó pín gaarí ní ìparí ọdún 2020. Ọ̀yọ́ mú yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ṣun mú ilé ìwòsàn Òṣogbo, ó sì di ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN. Bí kánsẹ́lọ̀ bá pe ọ̀gá ilé ìwòsàn yìí, ó lè wá nítorí ọ̀wọ̀, ó sì lè má wá, kò sì sí ohun tí kánsẹ́lọ̀ lè fi ṣe. Àwọn tó lè fi òfin pè é kó wá dáhùn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 128 àti 129 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló fún wọn ní àṣẹ láti ṣèwádìí, láti pe èèyàn, kí wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Asúbíaró, ọ́fíìsì aṣojú yín nílé aṣòfin ni kí ẹ gba lọ. Kánsẹ́lọ̀ tó ń pariwo lórí Asúbíaró nínú ìjókòó kánsù, àtẹ́wọ́ ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹ bá ní títì lóru yẹn, ìyẹn kan kánsù. Ó kàn án, kì í sì í ṣe òun nìkan ló kàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn, gọ́tà, pàǹtírí, itẹ́ òkú, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ti kánsù ni gbogbo ìyẹn. Nígbà tó dé orí ètò ìlera, òfin yí ohùn padà. Ó ní kí kánsù bá ìjọba ìpínlẹ̀ pín in ṣe. Láti ọdún 2011 sì ni ìlànà ti wà pé kí gbogbo ètò ìlera alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Ọ̀ṣun náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bi alága ìdí tí kò fi sí agbẹ̀bí lóru, á ní ọ̀rọ̀ àjọ ni. Ẹ bi àjọ, á ní kánsù ni kò fún ọlọ́dẹ lówó, kánsù ni kò tún iná ṣe. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ìyàwó ọmọ yín ló wà láàárín pápá.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ọjọ́ kan náà ni kí kánsẹ́lọ̀ pe àwọn méjèèjì, kó sì jókòó tì wọ́n nínú yàrá kan náà. Ìgbà tí mo rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni nǹkan kan sì jáde.

Kí ni kí ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn? Kó má béèrè pé "kí ló dé tí kò sí ìtọ́jú tó péye?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún méje lè dáhùn rẹ̀. Kó ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ alẹ́ sí fún oṣù mẹ́ta tó kọjá wá, pẹ̀lú orúkọ, kó sì wá òru tí ẹ lọ yẹn nínú rẹ̀. Ta ni wọ́n kọ pé ó wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ ẹnìkan, ẹni náà ní ẹjọ́ láti rò. Bó bá sì jẹ́ pé òfìfo ni, ẹjọ́ ti kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀sì, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín òṣìṣẹ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́dé tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni pé kí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó 4, kí ọlọ́dẹ sì tó 2. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò ọjà. Iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ alẹ́, ó ti di mẹ́ta, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sinmi, ìyẹn mẹ́rin. Ibi tí agbẹ̀bí bá ti jẹ́ ọ̀kan, ọ̀sán ló máa ṣe, alẹ́ á sì di ti ọlọ́dẹ. Ẹ má bínú sí ọlọ́dẹ tó dá yín lóhùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni kò kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Owó kan tún wà tí púpọ̀ kánsẹ́lọ̀ kì í béèrè, bóyá nítorí pé kò gba àpò alága kọjá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Apá kan nínú owó náà ń lọ tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó bá wà nínú ètò, kan ní wọ́ọ̀dù kan. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ₦300,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ti fi kún un lọ́dún 2025. Wọn ò ní kí wọ́n fi san owó oṣù. Oògùn, àtúnṣe kéékèèké, epo jẹnẹrétọ̀ àti ìmọ́tótó ni. Nọ́ọ̀sì kò sì gbọ́dọ̀ dá ná an. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí àwọn ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá a jókòó kọ ètò ìnáwó náà sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun. Ẹ lọ bèèrè ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ yìí ní wọ́ọ̀dù tiyín. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí ìbéèrè kan fún kánsẹ́lọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó fi ètò ìnáwó oṣù mẹ́ta tó kọjá hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá epo jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó. Apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ mọ ohun tí ojú kánsù Ọ̀ṣun rí: ìbò oṣù kẹwàá 2022, tí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé kí oṣù kọkànlá tó parí, ìbò mìíràn lọ́jọ́ 22 oṣù kejì 2025, ẹgbẹ́ méjì ń fa sẹkitéríàtì mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èèyàn kú sí i, òṣìṣẹ́ jókòó sílé, owó tó ń ti Àbújá wá sì dúró. Ìyẹn lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ kánsù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n fẹ́ fi gbé ìwé iṣẹ́ alẹ́ kalẹ̀? Èló ni páálí fírìjì? Nígbà tí wọ́n bá dáhùn pé kò sówó sí ohun tí kò gba owó, kí kánsẹ́lọ̀ má jókòó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà, tó jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni kánsẹ́lọ̀ ti lágbára, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń rọ̀ jù. Ẹ rántí ohun tí mo sọ: ìlera, àjọṣe ni, ọjà, ti kánsù ni. Alága kò ní ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù ọjà sí. Síbẹ̀, ẹ wo bí ìjókòó yín ṣe lọ. Ẹ̀yin fúnra yín kò sọ pé ẹnìkan béèrè nípa tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà tàbí ilé ìyàgbẹ́ ọjà. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló gba ilé kan.

Ẹ jẹ́ n fi ọwọ́ kan pa fọ́ọ̀mù rẹ́. Owó ìrànwọ́ ọlọ́jà tó ti rìn nílẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló ti wá: ₦10,000 TraderMoni ọdún 2018, ₦50,000 ọdún 2024, ètò NG-CARES tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún. Kánsẹ́lọ̀ kò ní àpò rẹ̀. Ohun tó ga jù tó lè ṣe ni kó kọ orúkọ ránṣẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: orúkọ mélòó ló lọ láti wọ́ọ̀dù wa, lọ́jọ́ wo, ta ló sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á? Bí wọn kò bá lè fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ hàn, fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kún, inú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan ló wà, tàbí ọ̀dọ̀ alákàrà. Ẹ má ra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi nọ́ńbà BVN yín lé ẹni tí kò fún yín ní ìwé pé òun gbà á. Ní tèmi o, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ mọ akápò rẹ̀ sàn ju fọ́ọ̀mù mẹ́wàá lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀la, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá já fún yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wá náílọ́ọ̀nù kan tí ẹ ó gbé kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ìsọ̀ yín, kí ẹ máa jù ú síbẹ̀. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní ọjọ́. Bó bá di ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ da á sílẹ̀ kí ẹ ṣà á bí ẹ ṣe ń ṣa ìrẹsì. Àwọ̀ mélòó ni? Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀: kánsù, ẹgbẹ́, àbí "ìmọ́tótó" lásán tí kò ní bàbá? Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀, ṣé ó ń tẹ̀lé ara wọn? Mo rí òǹtajà kan tí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì oní-nọ́ńbà kan náà fún lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀dà fótókópì ni wọ́n ń tà fún un, ẹ sáà fojú inú wò ó.

Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn kánsẹ́lọ̀ fúnra wọn ló ń fọwọ́ sí iye tí kánsù máa gbà. Lọ́dọọdún, bọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń dé iwájú ilé, owó tó máa wọlé sì wà nínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà: owó ìsọ̀, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó pátákó. Òfin owó-orí àti owó-òde ti ọdún 1998 ló to èyí tí kánsù lè gbà sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò bá sí nínú ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì, kánsẹ́lọ̀ yín mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí ìwé náà. Bí ẹ bá gbé náílọ́ọ̀nù ọgbọ̀n ọjọ́ síwájú rẹ̀ pé "èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹ fọwọ́ sí?", kò lè sọ pé òun máa lọ wádìí. Mo kìlọ̀ fún yín, ojú á le. Àwọn kan ń jẹun nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú alága sì lè wà nínú wọn. Ẹ má dá lọ. Kí ẹ tó mẹ́wàá, kí ìyálọ́jà mọ̀ sí i, kí náílọ́ọ̀nù náà sì ju ẹyọ kan lọ.

Ilé ìyàgbẹ́ ọjà àti gọ́tà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń gba owó níbẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀yin aláró, ẹ sì tún ilé ara yín ṣe. Bí wolé-wolé bá bá omi aró àti kọ́sítíìkì nínú gọ́tà gbogbo ènìyàn, ẹ ti fún un ní ohun tó máa fi pa yín lẹ́nu mọ́.

Ta ni kánsẹ́lọ̀ yín gan-an? Mo fura pé ẹni méjì ni. Kánsù méjì ló pín ìgboro Òṣogbo: ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, tó fìdí sí Òkè-Baálẹ̀, àti Ọlọ́rundá, tó fìdí sí Ìgbọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìhà Ọlọ́rundá lẹ ń gbé, tí ẹ sì ń tajà ní Ọjà Ọba, ti ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ kan, ti ọjà wà lọ́wọ́ òmíràn. Ẹ má gbé ẹjọ́ ìsọ̀ lọ bá kánsẹ́lọ̀ ilé. Kí ẹ sì mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ alábòójútó kì í ṣe ẹni tí ẹ dìbò fún síbẹ̀. Alága ló yàn án. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kó bi ọ̀gá tó yàn án léèrè níwájú ogunlọ́gọ̀. Ẹni tí wọ́n dìbò yàn ní wọ́ọ̀dù ni kí ẹ tọ̀ lọ.

Ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àṣírí iṣẹ́ akọ̀wé kan nìyí. Ìbéèrè kì í kú tán lọ́jọ́ tí wọ́n bi í. Ìjókòó tó tẹ̀ lé e ló ń kú tán sí. Bí ìjókòó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka mínìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìjókòó ti tẹ́lẹ̀, olórí ilé á sì béèrè ohun tó ṣẹ́ kù láti inú rẹ̀. Akọ̀wé á wo ìwé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "kánsẹ́lọ̀ lágbájá sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwòsàn" ni mo kọ, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù, a ó kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé "ilé pinnu pé kí olórí ètò ìlera gbé ìwé iṣẹ́ alẹ́ wá, kó tó di ọjọ́ báyìí", mo gbọ́dọ̀ kà á síta, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ dìde. Nítorí náà, kí kánsẹ́lọ̀ má fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbéèrè. Kó sọ ọ́ di ìpinnu ilé, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì kín in lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe é torí pé ẹni tó máa kọ́ wọn kò sí.

Bí òun kò bá ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín lè béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé lè sọ ọ́ lẹ́nu, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún lè rán ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kan lé yín padà pé ẹ lọ wá lọ́yà.

Mo ti kọ èyí tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín dà á kọ ní ẹ̀dà méjì:

"Sí olórí ètò ìlera. Mo béèrè ẹ̀dà ìwé tí ẹ to iṣẹ́ alẹ́ sí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wa fún oṣù mẹ́ta tó kọjá, iye nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ lónìí, àti ètò ìnáwó oṣù mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí kẹ́yìn. Òfin òmìnira ìròyìn 2011 ni mo fi béèrè."

Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ ó mú lọ sílé. Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ni kí ẹ lọ, láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán Ẹtì, ẹni tó ni òǹtẹ̀ ti lọ sí òde ìnáwó. Bí ọjọ́ keje bá pé tí wọn ò dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà fún kánsẹ́lọ̀ ṣáájú ìjókòó tó ń bọ̀, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ fún mi bóyá ó dìde, kí ẹ sì sọ àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nínú náílọ́ọ̀nù.